Mítílóòfù Onípòtétò àti Ṣíìsì: Ìdáhùn fún Màmá Kan ní Láfíàjí

Ìbéèrè náà rèé lórí mítílóòfù, ìyẹn ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ búrẹ́dì àti ẹyin kí wọ́n tó yan án nínú ọ́fùn. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfíàjí ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta dé láti Houston, mítílóòfù ni wọ́n sì ń bèèrè, èyí tí wọ́n ń fi pòtétò àti ṣíìsì bò lórí. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo bọ ẹran, mo ní kí wọ́n bá mi lọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ ata, mo po ata àti tòmátì lílọ̀ mọ́ ọn. Mo gún pòtétò nínú odó, mo tẹ́ ẹ lé ẹran, mo gé wàrà sórí ẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ sínú ọ́fùn. Omi kún ìdí páànù, pòtétò ń fà, wàrà ò yọ́, nígbà tí mo sì fi ọ̀bẹ kàn án, ó tú yángá. Ọ́fùn gáàsì mi, nọ́ńbà ara ẹ̀ ti pa rẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé mo sì lè sè é sílẹ̀ ní alẹ́ Sátidé fún oúnjẹ ọ̀sán Sọ́ńdè?"

Màmá, ẹ kú àlejò àwọn ọmọ o. Ọwọ́ ọbẹ̀ lẹ fi mú oúnjẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ó jìnnà sí ọbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní àkókò tiẹ̀ nínú iná. Ẹran tútù ń fẹ́ bí ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pòtétò ti jiná kó tó wọ ọ́fùn. Kí ojú ẹ̀ gbẹ kó sì gbóná dénú ló kù fún un. Ṣíìsì ò fẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹni tó bá ti gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á jóná, ọ̀kan á rọ̀ sómi. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé omi ti kúrò lára èyí tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé èkejì lé e. Bí ẹ bá mú èyí nìkan nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló pọ̀ jù, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

A kì í bọ ẹran mítílóòfù. Tútù la fi ń lọ̀ ọ́, tútù la fi ń pò ó, inú ọ́fùn ló ti ń jiná. Nígbà tí ooru bá mú ẹran tútù, èròjà inú ẹ̀ á dì, á so búrẹ́dì, ẹyin àti àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ ara wọn, òun ló ń jẹ́ kó ṣe é gé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹran tẹ́ ẹ bọ̀ ti dì tán nínú ìkòkò kó tó dé páànù, kò sí agbára ìsopọ̀ kankan mọ́ lára ẹ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi tú yángá. Ẹran bíbọ̀ yẹn dáa fún míìtì páì, níbi tí ìyẹ̀fun ti máa ká a mọ́.

Ẹ wo ọ̀rá náà. Àwọn tó ni oúnjẹ yìí ní Amẹ́ríkà máa ń lo ẹran tí ọ̀rá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀: nínú kílò 1, ọ̀rá á tó 200 gíráàmù. Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ń sìn ni ẹran rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jà wa, ó ti fẹsẹ̀ rìn jẹko púpọ̀ kó tó dé ibi ìpẹran ní Agége, ara ẹ̀ le, ọ̀rá inú ẹran rẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ itan nìkan lẹ rà, mítílóòfù yín á gbẹ bí ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ tó. Ọjà Sandgrouse ò jìnnà sí yín. Ẹ sọ fún alápatà pé èjìká tàbí àyà lẹ fẹ́, kó sì gé díẹ̀ kún un lára iké. Èmi fẹ́ràn iké fún iṣẹ́ yìí ju gbogbo ibòmíràn lára màlúù lọ, torí ọ̀rá àti ẹran ti wọnú ara wọn níbẹ̀, kì í sì í wọ́n tó bí àwọn òyìnbó ṣe máa rò. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni pé wọ́n ń po ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ti màlúù kó lè rọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan, iké á ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ má gbé ẹran lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ata, ẹ̀wà àti ògì gbogbo àdúgbò ló ti gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá, ẹran tútù tó bá sì kù sínú ẹ̀ á di ìjàǹbá fún ẹni tó máa lọ ata tẹ̀ lé yín. Ẹ̀rọ yẹn tún máa ń lọ nǹkan kúnná jù, ẹran á di ẹ̀kọ. Bí alápatà bá ní ẹ̀rọ ìlọẹran tó mọ́, ẹ dúró tì í kó lọ̀ ọ́ lójú yín, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá ní, ẹ gé ẹran sí kéékèèké, ẹ tì í sí fírísà fún bí ìṣẹ́jú 30 kó lè le díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ méjì ńlá máa gé e lórí pákó títí tó fi máa rún. Ó gba apá o, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mẹ́ta wà nílé. Mo sì mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fọ ẹran. Tó bá di dandan, odidi ẹran ni kẹ́ ẹ fọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ kó tó di lílọ̀. Ẹran lílọ̀ kì í rí omi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni búrẹ́dì. Oúnjẹ ìgbà tí owó ò sí ni mítílóòfù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láwọn ọdún 1930, búrẹ́dì tó ti le ni àwọn ìyàwó ilé fi ń lú ẹran díẹ̀ kó lè kárí gbogbo ilé. Owó ló gbé búrẹ́dì débẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò ju ìyẹn lọ: búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì ló ń di omi ẹran mú kó má baà sun jáde, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹran dì le koko. Fún kílò 1 ẹran, ẹ mú búrẹ́dì Agége àná, bí ìwọ̀n bíbẹ́ mẹ́rin tó nípọn, ẹ bó èèpo ẹ̀ kúrò, ẹ rún un, ẹ da ìdajì ife mílíìkì sí i. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo, ẹ fi omi là á. Ẹ jẹ́ kó rẹ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi ki. Agége tuntun rọ̀ jù, ó sì máa ń lẹ̀. Ti àná ló dáa.

Àlùbọ́sà ńlá kan, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in nínú bọ́tà díẹ̀ títí tó fi máa rọ̀ tí omi ara ẹ̀ á gbẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Àlùbọ́sà tútù máa ń sọ omi sínú ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata àti tòmátì lílọ̀ tẹ́ ẹ fi sí i, omi wọn gan-an ló kún ìdí páànù yín. Bí ẹ bá fẹ́ adùn tòmátì, ṣíbí ńlá méjì tòmátì inú agolo tó ki ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ tàtàṣé, ẹ yan án lórí iná kí èèpo ẹ̀ bó, ẹ fún omi ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gé e. Ata rodo ńkọ́? Àwọn ọmọ Houston ló ń jẹ ẹ́, Màmá. Ẹ fi ata dúdú àti táìmù sí i, kẹ́ ẹ gbé rodo lọ sínú ọbẹ̀ tí àwọn àgbà máa bù lé tiwọn.

Ẹ po búrẹ́dì rírẹ yẹn, ẹyin méjì, àlùbọ́sà, tòmátì, ata dúdú, táìmù, àti iyọ̀ tó kún ṣíbí tíì méjì ní déédéé pọ̀ kí ẹran tó dé. Tẹ́ ẹ bá máa fi Màgí sí i, ẹ dín iyọ̀ kù. Gbogbo èyí á ti dọ́gba kẹ́ ẹ tó da ẹran sí i, kẹ́ ẹ wá fi ìka ọwọ́ pò ó wéréwéré, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ẹ ò bá ti rí búrẹ́dì funfun mọ́ níbi kankan. Ẹni tó bá ń pò ó lọ títí, ẹran á dì bí rọ́bà. Ẹ má tọ́ ọ wò ní tútù. Ẹ mú díẹ̀, ẹ dín in nínú páànù, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó.

Páànù tó fẹ̀ lẹ máa lò. Páànù gígùn tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ni àwọn tí kì í fi nǹkan bò ó máa ń lò. Fún èyí tí pòtétò máa jókòó lé, ẹ wá páànù onígun mẹ́rin tí igun ẹ̀ ga díẹ̀, ẹ fi bọ́tà pa á nínú, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹran sínú ẹ̀ kó ga tó bí ìka méjì sí mẹ́ta. Ẹ tẹ àárín ẹ̀ wọlé díẹ̀, torí àárín máa ń wú sókè nígbà tó bá ń jiná, pòtétò á sì máa yọ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Ó wá ku ọ́fùn tí kò ní nọ́ńbà. Ó pọ̀ nílùú yìí, kò yẹ kó dá yín lóró. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 15 kó lè gbóná. Ẹ da fúláwà ṣíbí kan sórí páànù pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé e sí àárín ọ́fùn fún ìṣẹ́jú 5. Tó bá pọ́n ní àwọ̀ wúrà, iná yín wà ní nǹkan bí 180°C, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an. Tó bá ṣì funfun, ẹ fi kún iná. Tó bá ti ń dúdú, ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ sì dán an wò pẹ̀lú fúláwà mìíràn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ibẹ̀, ẹ fi kíútẹ́ẹ̀sì ọmọ yín sàmì sí ara ọ́fùn níbi tí ọwọ́ ẹ̀ yí dé. Àmì yẹn ò ní pa rẹ́ bíi ti ilé iṣẹ́.

Ẹ yan ẹran nìkan fún ìṣẹ́jú 35 sí 45, láì bo nǹkan kan lé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ ra tẹmómítà onírin ṣóńṣó tí wọ́n ń gún bọ ẹran. Owó tẹ́ ẹ máa ná lórí ẹ̀ ò tó ti ẹran kan tó bàjẹ́. Ní àárín gbùngbùn, ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C. Odidi ẹran, ara ẹ̀ níta ni kòkòrò àrùn máa ń wà, iná sì ń tètè pa á níbẹ̀. Lílọ̀ ló ń gbé kòkòrò náà wọ inú lọ, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi ojú wíwò nìkan ṣe é: ẹran lè ti pa àwọ̀ dà kó tó gbóná dé ibi tó yẹ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Tí ẹran bá jáde, ẹ máa rí ọ̀rá àti omi ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10, á tún fa díẹ̀ padà nínú ẹ̀. Ẹ wá fi ṣíbí di ẹran mú, kẹ́ ẹ yí páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ da ohun tó kù sínú abọ́. Ẹ má dà á nù o. Ẹ dín àlùbọ́sà àti tàtàṣé nínú ẹ̀, ẹ ta omi díẹ̀ sí i pẹ̀lú fúláwà ṣíbí tíì kan, ó di ọbẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́ tẹ́ ẹ máa bù sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ibẹ̀ ni rodo yín ti máa rí àyè. Ẹ fi aṣọ tàbí bébà ìnuwọ́ nu ojú ẹran náà gbẹ kí pòtétò tó gorí ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gún iyán fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ́n iyán gan-an ló pa pòtétò yín lára. Iyán, a fẹ́ kó fà. Gbogbo lílù odó yẹn, ṣe ló ń fọ́ inú iṣu kí sítáàṣì rẹ̀ lè jáde kó sì dì mọ́ra. Pòtétò náà ní sítáàṣì púpọ̀, bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, á fà, á lẹ̀, kò sì sí bọ́tà tó lè tún un ṣe. Bùléńdà tún burú ju odó lọ. Fọ́ọ̀kì tàbí ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ pòtétò ló yẹ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́ onírin kọjá nígbà tó ṣì gbóná. Asẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kì í ní kókó rárá.

Pòtétò òyìnbó ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọ̀dùnkún. Jos ni púpọ̀ nínú èyí tó ń wọ Mile 12 ti ń wá, kó tó tàn ká gbogbo ọjà Èkó. Ẹ ṣa àwọn tó le, tí ojú wọn ò tíì hù; èyí tó bá ní àwọ̀ ewé lára, ẹ gé ibẹ̀ kúrò jìnnà, oró wà níbẹ̀. Kílò 1 tó fún kílò 1 ẹran. Ẹ gé e sí ńláńlá tó dọ́gba, inú omi tútù oníyọ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e kaná, kí inú àti ìta lè jọ jiná. Tí ọ̀bẹ bá ti ń wọlé wọ́rọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ máa mì í títí tí èéfín omi á fi dín kù. Ìṣẹ́jú 2 yẹn ló máa pinnu bóyá pòtétò á jókòó tàbí á ṣàn. Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ fi 75 gíráàmù bọ́tà sí i, mílíìkì gbígbóná díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí, iyọ̀, àti pupa ẹyin kan. Pupa ẹyin yẹn ló máa jẹ́ kó dúró nígbà tẹ́ ẹ bá gé e.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹran láti etí páànù wá sí àárín, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lórí. Ẹ dá a padà sínú ọ́fùn fún ìṣẹ́jú 20. Àwọn kan máa ń tẹ́ kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀wà tútù sáàárín. Kò burú, tó bá ti jiná tó sì gbẹ. Èmi kì í ṣe é.

Wàrà tẹ́ ẹ lò yẹn, kò lè yọ́ láéláé, kì í ṣe ẹ̀bi iná yín. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń da omi ewé bomubomu sínú mílíìkì, wọ́n sì ń sè é títí tó fi máa dì. Iná ti bá a ṣe tán kó tó dé ọwọ́ yín, torí ẹ̀ náà la ṣe lè dín in nínú epo tí kò ní fọ́ sí i. Omi rẹ̀ tún wà nínú ẹ̀, ó ń ro sórí pòtétò. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, torí ṣíìsì wọ́n lóòótọ́, ẹ fi aṣọ fún omi ẹ̀ dáadáa, ẹ rún un pẹ̀lú iyọ̀, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ pòtétò. Ó dùn níbẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ dín in lọ́tọ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Ohun tó máa yọ́ lókè, irú ṣíìsì tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́dà ni, 150 sí 200 gíráàmù, tàbí ìdajì ṣẹ́dà àti ìdajì ṣíìsì mòsarẹ́là bí àwọn ọmọ bá fẹ́ kó máa fà. Ẹ ra odidi, kẹ́ ẹ ha á fúnra yín. Èyí tí wọ́n ti ha sínú náílọ́nù ní sítáàṣì lára kó má baà lẹ̀ pọ̀, kì í yọ́ dáadáa tó odidi. Ẹ sì fọwọ́ kan fíríìjì ìsọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá tutù, ẹ máa lọ.

Ṣíìsì á wọlé ní ìṣẹ́jú 8 sí 10 tó gbẹ̀yìn, lórí irin tó ga jù nínú ọ́fùn. Ọ́fùn gáàsì wa, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ wà, ṣíìsì á yọ́ ṣùgbọ́n ó lè má pọ́n. Bí tiyín bá ní gríìlì lókè, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ kó ẹyin iná lé ìdérí ìkòkò onírin, kẹ́ ẹ fi bo páànù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń fi èédú yan kéèkì ṣe ń ṣe. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe èyí. Èéfín èédú nínú yàrá tó pa dé ń pààyàn.

Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Àwọn ọmọ á pariwo. Ẹ fún wọn ní kárọ́ọ̀tì.

Ní ti alẹ́ Sátidé: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe ẹran sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó jiná pátápátá. Ẹ má yan án dé ìdajì pé ẹ máa parí ẹ̀ lọ́la; kòkòrò á ti pọ̀ sí i kó tó di àárọ̀. Ẹ yan án dé 71°C, ẹ da omi ẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó sì ti wà nínú fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ìyẹn bí iná mànàmáná bá wà. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n lè mú un lọ títí di òwúrọ̀, tí ẹ kò sì ní jẹnẹrétọ̀, Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹ̀. Pòtétò, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé ẹran jáde nínú fíríìjì, ẹ fi fóìlì bò ó, kẹ́ ẹ mú un gbóná nínú ọ́fùn fún ìṣẹ́jú 20 nígbà tí pòtétò ń hó lórí iná, kẹ́ ẹ wá tẹ́ pòtétò lé e kẹ́ ẹ sì máa bá a lọ bí mo ṣe wí. Àárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 74°C lọ́tẹ̀ yìí kẹ́ ẹ tó gbé e wá sórí tábìlì.